Ọwọ́ Ìyá, Ọwọ́ Bàbá: Bí Òbí Méjì Ṣe Ń Tọ́ Ọmọ Kan

Ọmọ kan náà ni ìyá àti bàbá jọ ń tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọwọ́ kálukú wọn ti ń bà á. Ìyá ló sábà ń mọ̀ pé ara ọmọ ti ń gbóná kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá ló sábà ń jẹ́ ẹni tí ọmọ gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì tó fi sáré pa tẹlifíṣọ̀n, tó gbé ìwé. Àwọn onímọ̀ tó ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní ní Ìbàdàn, ní Sweden, ní Ísírẹ́lì àti nínú igbó àárín gbùngbùn Áfíríkà gbà pé ìyàtọ̀ wà. Orísun ìyàtọ̀ náà ni àríyànjiyàn wà lé lórí: ṣé ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ akọ àti abo ni, ṣé àṣà ló fà á, tàbí iṣẹ́ tí a pín fún kálukú nínú ilé? Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ gbè sẹ́yìn iṣẹ́ àti àkókò ju bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò lọ. Ẹni tó bá ń bá ọmọ gbé láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, tó ń pọ̀n ọ́n, ìwà tí a mọ̀ mọ́ ìyá ni yóò máa hù, ì báà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n.

Kò sí ẹni tó lè jiyàn pé ara ìyá ló kọ́kọ́ ṣe ìtọ́jú. Òun ló ru oyún fún oṣù mẹ́sàn-án, òun ló fún ọmọ lọ́mú. Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ọmọ lè mu ọmú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, ẹ̀yìn ìyá sì ni ibùsùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá á fi ọ̀já gbà á mọ́ra, á máa gúnyán, á máa nájà, á máa kí èrò ọ̀nà, ọmọ á sì máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìyá àgbà á wá bá wọn wẹ ọmọ: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kànìnkànìn, òrí tàbí òróró tí wọ́n fi ń ra á lára, apá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń nà, ọrùn tí wọ́n ń kọ́ ìyá tuntun bí yóò ṣe gbé e dúró. Ní gbogbo àkókò yìí, pálọ̀ ni bàbá ọmọ máa ń wà. Owó ọsibítù, owó àgbo, oúnjẹ ìkómọ àti orúkọ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, òun àti àwọn àgbà ilé ni gbogbo ojú ń wò.

Síbẹ̀, ara bàbá náà ń yí padà. Ní ìlú Cebu ní orílẹ̀-èdè Philippines, Lee Gettler, Christopher Kuzawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀lé ọ̀dọ́kùnrin 624. Wọ́n yẹ testosterone wò lára wọn ní 2005, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 2009. Testosterone yìí ni èròjà inú ara tó ń mú ohùn ọkùnrin ki, tó sì ń mú kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ du obìnrin. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2011, èròjà náà wálẹ̀ lára àwọn tó di bàbá láàárín ọdún mẹ́rin yẹn ju bó ṣe wálẹ̀ lára àwọn tí kò tíì bímọ lọ. Lára àwọn bàbá tó ń fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ lójúmọ́, ó kéré ju ti àwọn bàbá tí kì í fọwọ́ kan ìtọ́jú lọ.

Ní Ísírẹ́lì, Ruth Feldman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wo tọkọtaya 80 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí. Oxytocin, èròjà tó ń mú kí òbí fà mọ́ ọmọ, ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá ti fọwọ́ sọ̀yà pé yóò pọ̀ lára ìyá ju ti bàbá lọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ó dọ́gba. Ìwà tó ń bá a rìn ló yàtọ̀. Ìyá tí tirẹ̀ pọ̀ ni ó ń gbá ọmọ mọ́ra jù, tó ń wò ó lójú, tó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá tí tirẹ̀ pọ̀ ni ó ń bá ọmọ ṣeré jù, tó ń gbé e sókè sódò, tó ń fi nǹkan tuntun hàn án.

Eré yìí gan-an ni ìyàtọ̀ tó ti hàn sí àwọn onímọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, Michael Lamb jókòó ti àwọn òbí ní Amẹ́ríkà nínú ilé wọn, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ àti ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbé e. Bí ìyá bá gbé ọmọ, ó sábà jẹ́ láti pààrọ̀ ìlédìí, láti bọ́ ọ tàbí láti wẹ̀ ẹ́. Bí bàbá bá gbé e, eré ló sábà fẹ́ bá a ṣe. Ta ni kò rí i rí? Bàbá á ju ọmọ sókè, á hán an, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín kèékèé, ìyá á sì máa pariwo láti kíṣìnì pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó já. Ní 2004, Daniel Paquette tó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní Kánádà gbé èrò kan kalẹ̀ pé eré líle yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe lára ọmọ. Ó ń ta ọmọ jí láti kúrò lẹ́sẹ̀ òbí, láti dán ohun tuntun wò, kó sì mọ ibi tí eré ti ń di ìjà tó fi yẹ kó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Nínú èrò yìí, ìyá ni ibi ìsádi, bàbá ni ẹni tó ń ti ọmọ jáde sí gbangba.

Èrò náà bá ohun tí ọ̀pọ̀ ń rí nílé mu, àmọ́ kò kárí ayé. Àwọn Aka tó wà nínú igbó ní orílẹ̀-èdè Central African Republic àti apá àríwá Kóńgò ló fi èyí hàn kedere. Àwọ̀n ni wọ́n fi ń dẹ ẹran, tọkùnrin tobìnrin ló sì jọ ń lọ sínú igbó pẹ̀lú ọmọ lára wọn. Barry Hewlett tó lọ bá wọn gbé tẹ ìwé jáde nípa àwọn bàbá Aka ní 1991. Ó rí i pé nínú wákàtí mẹ́rìnlélógún, bàbá wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ọmọ fún nǹkan bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà. Bàbá ń nu imú ọmọ, ń kọrin fún un lóru, bí ìyá kò bá sì sí nítòsí, á fi orí ọmú tirẹ̀ sí i lẹ́nu kó lè dákẹ́. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni pé bàbá Aka kì í ju ọmọ sókè, kì í sì í bá a ṣe eré líle. Àlàyé Hewlett ni pé bàbá tó ń gbé ọmọ lójoojúmọ́ ti mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn. Kò nílò láti gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kó tó lè rí ẹ̀rín rẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé eré líle tí bàbá ọ̀fíìsì ń bá ọmọ ṣe ní agogo méje alẹ́ kì í ṣe àbùdá ọkùnrin nìkan. Ẹni tí kò rí ọmọ láti àárọ̀, tó sì fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dí àlàfo ọjọ́ kan, ló ń ṣe irú rẹ̀.

Sweden fi kún ọ̀rọ̀ náà, ó sì tún dojú rẹ̀ rú díẹ̀. Lamb kan náà lọ síbẹ̀ láti wo àwọn bàbá tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lè jókòó ti ọmọ. Kò rí ìyàtọ̀ eré tó rí ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, àwọn ìyá ṣì ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ jù, wọ́n ń gbá a mọ́ra jù, títí kan àwọn tí bàbá ti jókòó sílé dípò wọn. Ẹni tó bá ń wá ìdáhùn kan ṣoṣo kò ní rí i níbẹ̀. Àṣà àti iṣẹ́ lè pa ìyàtọ̀ kan rẹ́ kí òmíràn ṣì kù.

Ní ti ìjọra, ẹ̀rí pọ̀, ó sì lágbára. Ní 1989, Anne Fernald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́tí sí bí òbí ṣe ń bá ìkókó sọ̀rọ̀ ní Faransé, Ítálì, Jámánì, Jàpáànù, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Níbi gbogbo, tìyátìyá tibàbátibàbá ló ń gbé ohùn sókè, tó ń gé gbólóhùn kúrú, tó ń dúró pẹ́ kó tó sọ òmíràn. Ní Glasgow ní 1964, Rudolph Schaffer àti Peggy Emerson ròyìn ìkókó 60 tí wọ́n tẹ̀lé láti mọ ẹni tí ọmọ ń sunkún tọ̀ lẹ́yìn bó bá jáde. Ìyá ló ṣáájú lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ náà pé oṣù méjìdínlógún, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ti fà mọ́ bàbá náà. Ọmọ kì í yan ẹnì kan ṣoṣo.

Ìwádìí tó lọ jinlẹ̀ jù jáde ní 2014, láti ọwọ́ Eyal Abraham, Ruth Feldman àti àwọn mìíràn. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn òbí nígbà tí wọ́n ń wo fídíò ọmọ wọn. Àwọn ìyá tó ń tọ́jú ọmọ wà nínú rẹ̀, àwọn bàbá tó ń ran ìyá lọ́wọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkùnrin méjì-méjì tó jọ ń tọ́ ọmọ láìsí ìyá nínú ilé. Apá ọpọlọ tó ń ta òbí jí sí ewu ṣiṣẹ́ gidigidi nínú ìyá ju bó ṣe ṣiṣẹ́ nínú bàbá olùrànlọ́wọ́ lọ. Lára àwọn ọkùnrin tí kò ní ìyá tí wọ́n lè gbé ọmọ fún, apá náà ṣiṣẹ́ bíi ti ìyá. Bí wákàtí tí bàbá fi ń tọ́jú ọmọ bá ṣe pọ̀ tó ni okùn tó so apá yẹn pọ̀ mọ́ apá tó ń ka ìwà ẹlòmíràn ṣe ń yi tó.

Nínú ilé Yorùbá, iṣẹ́ ló kọ́kọ́ pín ọwọ́ òbí sí méjì. Ọmọkùnrin tó ti lè gbé àdá kékeré á tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko, sí ilé àgbẹ̀dẹ tàbí sí ìdí ìlù. Ọmọbìnrin á bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, sídìí aró tàbí sídìí ẹbu. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí Lamidi Fakeye, gbajúgbajà agbẹ́gilére tó kú ní 2009. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ bí a ti ń mú oyè gbẹ́ igi, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele, ọmọ Aréógun. Irú ìtọ́ni yìí kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Bàbá á ṣe é, ọmọ á wò, ọmọ á ṣe é, bàbá á bà á jẹ́, ọmọ á tún un ṣe. Àwọn tó bá ní bàbá Yorùbá àtijọ́ kì í fi ìfẹ́ hàn sábà máa ń gbàgbé wákàtí tí bàbá àti ọmọ fi jókòó ti igi kan náà láìsọ nǹkan kan.

Ti ìyá yàtọ̀. Ẹnu àti ojú ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí àlejò bá na ẹran sí ọmọ, ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá kò ní la ẹnu rẹ̀ rárá, ojú ló máa fi sọ ọ́, ọmọ á sì ní, "Ẹ ṣé sà, mo ti yó." Ó ń kọ́ ọmọ bí a ti ń kúnlẹ̀, bí a ti ń dọ̀bálẹ̀, ẹni tí a ń pè ní bọ̀dá àti ẹni tí a ń pè ní bàbá, ilé tí a lè jẹun àti ilé tí a kò gbọdọ̀ fẹnu kan omi. Ojoojúmọ́ ni, kò lópin. Ti bàbá a máa pé jọ sí ọjọ́ kan. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, á pe ọmọ wọ yàrá, á ní kó jókòó, á sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kò ní gbàgbé títí tí òun náà fi máa bímọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí oríkì. Ti ilé bàbá ni ọmọ Yorùbá: orúkọ ìdílé, èèwọ̀, ilẹ̀ oko àti ẹ̀tọ́ sí oyè, ọ̀dọ̀ bàbá ni gbogbo rẹ̀ ti sábà ń wá. Oríkì orílẹ̀ náà ń tọ ọ̀nà bàbá lọ. Ẹnu ta ni ọmọ ti wá ń gbọ́ ọ? Karin Barber gbé ní Òkukù, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ní àwọn ọdún 1970, ìwé rẹ̀ lórí oríkì sì jáde ní 1991. Ó rí i pé ẹnu àwọn obìnrin, ìyàwó ilé àti ọmọbìnrin ilé, ni oríkì wọ̀pọ̀ sí jù. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ wá láti ilé ibòmíràn ló ń kọ́ oríkì ilé ọkọ, tó ń fi í jí ọmọ láàárọ̀, tó sì ń fi í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bàbá ló ni ìtàn, ìyá ló ń fi í sí ọmọ létí. Èyí nìkan tó láti fi hàn pé ẹni tó bá fẹ́ la ẹ̀kọ́ ilé sí méjì, kó ní èyí ni ti bàbá, èyí ni ti ìyá, yóò ṣe é tì.

Ilé olórogún fi ẹ̀ka mìíràn kún un. Níbẹ̀, bàbá kan ni fún gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá kọ̀ọ̀kan ló ni àdògán tirẹ̀. Bàbá gbọ́dọ̀ wà déédéé. Bó bá fi ẹran lé ọmọ kan lọ́wọ́ lójú àwọn yòókù, ó ti dá ìjà sílẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ bàbá ṣe ń jìnnà sí ọmọ wọn: kì í ṣe pé ojú wọn le, ẹjọ́ ni wọ́n ń sá fún. Ìyá ní tirẹ̀ kò ní ẹlòmíràn tí yóò ṣe ojúsàájú fún ju àwọn tó ti inú rẹ̀ jáde lọ. Òfin àṣà pàápàá gbà pé ìdí ìyá jẹ́ ẹ̀ka kan. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, lórí dúkìá ọkùnrin ará Èkó kan tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ sọ ní 1958 pé ìdí-igi ni ìlànà Yorùbá: a ó pín dúkìá sí iye ìyá tó ní ọmọ, kí a tó wá pín tìdí ìyá kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀. Orí-ò-jorí, tó ń pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́gbọọgba, wà fún ìgbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 1962. Ọmọ tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ ìyá rẹ̀ àti ọmọ bàbá rẹ̀ kó tó mọ ìwé kà.

Nípa ìbáwí ni àṣìsọ pọ̀ jù. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọ̀tún fà á mọ́ra, ọ̀pọ̀ sì ti pín ọwọ́ méjèèjì yìí fún bàbá àti ìyá: bàbá ló ni òsì, ìyá ló ni ọ̀tún. Ìgbésí ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó wà nílé láti àárọ̀ ni bàtà, ìgbálẹ̀ àti ọmọrogùn wà nítòsí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá ju agbára rẹ̀ lọ, á ní, "Jẹ́ kí bàbá ẹ dé." Gbólóhùn yìí ti ba àárín ọ̀pọ̀ bàbá àti ọmọ jẹ́. Ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ṣe adájọ́ àti ẹni tí yóò na ọmọ lẹ́gba. Ọmọ á máa bẹ̀rù ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ó wọlé lọ.

Ilé méjì ní Abẹ́òkúta, tí ìtàn wọn ti di ti gbogbo ayé, jẹ́rìí sí i. Israel Oludotun Ransome-Kuti jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School àti ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Fẹlá, ọmọ wọn, sọ fún Carlos Moore, ẹni tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1982, pé bàbá òun nà òun, ìyá òun náà sì nà òun gidi. Ọwọ́ méjèèjì ló le. Nínú ilé kan náà yẹn ni Olikoye ti jáde, dókítà àwọn ọmọdé tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera láti 1985 dé 1992, àti Beko tí òun náà jẹ́ dókítà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹgba ṣàlàyé àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò gbìyànjú pẹ́, nítorí ẹgba kan náà ló nà wọ́n, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà kò jọra.

Kò jìnnà síbẹ̀, nínú ọgbà St. Peter's ní Aké, ni Wọlé Ṣóyínká dàgbà sí. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, Aké, tó jáde ní 1981, ó pe ìyá rẹ̀ ní Wild Christian, ó pe bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Essay, láti ara S. A. tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ìyá ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní àdúrà lẹ́nu, ilé rẹ̀ kún fún ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ tó ń sùn sórí ẹní. Bàbá létò, kì í yára, ọ̀rọ̀ ni ohun ìjà rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè jiyàn lórí ohun kan dòru. Ẹni tó bá ti ka ìwé Ṣóyínká mìíràn yóò rí ìyá àti bàbá méjèèjì níbẹ̀.

Diana Baumrind, onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley, fi òpó mẹ́ta ti ọ̀rọ̀ ìbáwí ní àwọn ọdún 1960. Òbí kan ń pàṣẹ, kì í ṣàlàyé. Òmíràn ń pàṣẹ, ó ń ṣàlàyé, ó sì ń gbọ́ tẹnu ọmọ. Ẹ̀kẹta gbọ̀jẹ̀gẹ́, ó ń kẹ́ ọmọ láìní ààlà. Ní 1983, Eleanor Maccoby àti John Martin fi ẹ̀kẹrin kún un, òbí tó pa ọmọ tì pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ọmọ òbí kejì ló ń ṣe dáadáa jù. Kò sí èyí tí Baumrind sọ pé ti akọ tàbí ti abo ni nínú àwọn òpó yìí. Ìyá lè jẹ́ apàṣẹ-má-ṣàlàyé, bàbá sì lè kẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹgba kì í ṣe ti inú ilé nìkan mọ́. Sweden ló kọ́kọ́ fi òfin ka nínà ọmọ léèwọ̀ ní 1979. Ìdílé Yorùbá tó wà ní Scotland ti wà lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 2020, àwọn ti Wales láti 2022. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí ìjọba ṣe pẹ̀lú UNICEF ní 2014 fi hàn pé mẹ́fà nínú ọmọ mẹ́wàá ló ń fojú winá ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún méjìdínlógún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti ọwọ́ òbí wá, ṣùgbọ́n èyí tó ti ọwọ́ wọn wá kò kéré, kò sì yẹ kí a máa fi orúkọ ẹ̀kọ́ bò ó.

Owó ni ibi tí ìtàn ìyá àti bàbá ti sábà ń yí. Wọ́n á ní bàbá ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi àwọn olóyè ìwé ilẹ̀ Yorùbá léèrè yóò gbọ́ nípa àjọ tí ìyá kó, gèlè àti aṣọ òkè tí ìyá tà, orí igbá tí ìyá ti rí owó ìdánwò. Síbẹ̀, wọ́n ní ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tó burú ni ti ìyá. Ìṣirò yìí kò tọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dun àwọn abiyamọ.

Àsìkò ń yí ọwọ́ òbí padà. Ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, Robert LeVine àti Barbara Lloyd wà lára àwọn tó fi ìdílé àdúgbò àtijọ́ ní Ọ̀jẹ́ wé ìdílé àwọn tó kàwé. Wọ́n rí i pé bàbá tó kàwé ń sún mọ́ ọmọ rẹ̀ ju bàbá Ọ̀jẹ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà, wákàtí méjì àbọ̀ ni bàbá fi ń tọ́jú ọmọ lọ́sẹ̀ ní 1965. Nígbà tó di 2016, ó ti di mẹ́jọ. Ti ìyá ò dín kù: láti mẹ́wàá, ó gòkè dé mẹ́rìnlá.

Ìrìn àjò náà ti tú ọwọ́ méjèèjì ká nígbà mìíràn. Láti nǹkan bí 1955 lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọmọ wọn fún àwọn òyìnbó tọ́ nítorí pé ìyá àti bàbá jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń kàwé, kò sì sí ìyá àgbà nítòsí. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Tilbury, ó sì fi ìrora rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018. Ìtàn Níkẹ̀ẹ́ Okundaye yàtọ̀. Wọ́n bí i ní Ògìdì ní 1951, ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá ńlá rẹ̀ ló sì fi aṣọ híhun àti aró dá a lọ́wọ́ kó. Òun lónìí ni gbogbo ayé ń pè ní Mama Níkẹ̀ẹ́ nídìí àdìrẹ. Níbi tí àwọn àgbà bá ti yí ọmọ ká, àìsí òbí kan kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òfo.

Ibi tí òfin Nàìjíríà dé lórí ọ̀rọ̀ bàbá kò tíì jìnnà. Sweden ti sọ ìsinmi ìbímọ di ti òbí méjèèjì láti 1974. Ọjọ́ 480 ni fún ọmọ kan, 90 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti òbí kọ̀ọ̀kan tí kò lè gbé e fún èkejì. Kó tó di pé wọ́n ya oṣù àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún bàbá ní 1995, díẹ̀ ni àwọn bàbá tó ń gbà á. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá ní 2014. Ìjọba àpapọ̀ fún tiwọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ní 2022, nígbà tí ìyá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn wọ̀nyí. Òfin iṣẹ́ tó kan iléeṣẹ́ aládàáni fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, kò sì dárúkọ bàbá rárá. Awakọ̀, mẹkáníìkì, bíríkìlà àti télọ̀, tí wọ́n pọ̀ láàárín àwọn bàbá ilẹ̀ Yorùbá, kò ní ọ̀gá tí wọn yóò kọ lẹ́tà ìsinmi sí. Ọjọ́ tí wọn kò bá jáde, kò sí owó ọbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún oorun lẹ́nu ọmọ wọn, àárín ọ̀gànjọ́ ni àkókò tó kù fún wọn láti kọ́ ọ.